Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó: Owó ilé ń ga sí i, àdéhùn kò sí nínú ìwé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ti fẹ́ wọlé, kò yẹ kó wá kàlẹ́ńdà ilé-ìwé náà kiri. Kó ṣáà lọ dúró sí oríta Ìfàkì láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Bọ́ọ̀sì tó ń ti Adó bọ̀ yóò máa kọjá, fóòmù yóò wà lórí rẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti sílíńdà gáàsì yóò wà nínú búùtù. Àwọn kan ń lọ sí Ọ̀yẹ́, àwọn mìíràn ń tẹ̀síwájú sí Ìkọ̀lé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ náà ni kò tíì mọ yàrá tí wọn yóò sùn sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé nìkan. Ó ti di ọ̀rọ̀ opó tó ní yàrá mẹ́rin lẹ́yìnkùlé, ó ti di ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ní Ìdó, ó sì ti di ọ̀rọ̀ tísà tí kò rí yàrá tí agbára rẹ̀ ká mọ́ ní ìlú tí wọ́n bí i sí. Lójú tiwa, kì í ṣe ìwà ọ̀dájú àwọn onílé ló dá wàhálà yìí sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà láàárín wọn tí ọkàn wọn le ju òkúta lọ. Ohun tó dá a sílẹ̀ ni pé ìjọba kó ọ̀pọ̀ èèyàn wá sí ìlú kéékèèké láìkọ́ ilé tó tó dè wọ́n. Àwọn ará ìlú wá fi owó ara wọn dí àlàfo náà, kò sì sí ẹni tó jókòó láti kọ ìlànà sílẹ̀ fún onílé àti ayálégbé.

Ọdún 2011 ni ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan dá yunifásítì tuntun mẹ́sàn-án sílẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí kò ní ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀yẹ́ ni wọ́n gbé ti Èkìtì sí. Ṣùgbọ́n wọn kò kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ sí Ìkọ̀lé, àwọn tó kù sì wà ní Ọ̀yẹ́. Inú àwọn ọba àti ìjòyè ìlú méjèèjì dùn, ó sì yẹ kí inú wọn dùn, nítorí pé ọjọ́ pẹ́ tí àríwá Èkìtì ti ń ké pé Adó nìkan ni gbogbo nǹkan ń lọ. Ohun tí ariwo ayọ̀ náà kò jẹ́ kí a béèrè ni èyí: níbo ni àwọn ọmọ tí wọn yóò kó wá yóò máa gbé?

Àwọn òbí tó kàwé ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1990 rántí pé ₦90 ni owó bẹ́ẹ̀dì nínú gbọ̀ngàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún sáà ẹ̀kọ́ kan. Bí wọ́n tilẹ̀ ń sùn ní mẹ́fà, mẹ́jọ nínú yàrá kan, ojú orun wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn sí àwọn yunifásítì àtijọ́ wọ̀nyẹn, nítorí pé àwọn tó dá wọn sílẹ̀ gbà pé ibùgbé jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́. Ní ti àwọn tuntun, kíláàsì àti ọ́fíìsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré kọ́. Ibùgbé tó wà nínú ọgbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àwọn tí wọ́n ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbé láàárín ìlú.

Kí yunifásítì tó dé, àlejò tó ń gba yàrá ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé kò ju tísà, agùnbánirọ̀, awakọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ará Ẹ̀bìrà tàbí Ìgede tó wá ṣiṣẹ́ oko. Inú ilé tí owó kòkó kọ́ ni wọ́n ń gbé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn láàárín rẹ̀, tí yàrá kọjú sí yàrá. Oṣooṣù ni owó ilé. Bí oṣù bá parí tí owó kò tíì dé, ayálégbé yóò lọ kí Bàbá onílé láàárọ̀, yóò sọ tẹnu rẹ̀, Bàbá yóò ní kó má ṣèyọnu. Bí ìyàwó àlejò bá bímọ, Ìyá onílé ni yóò gbé omi gbígbóná kaná. Kò sí ìwé kankan láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀, nítorí pé oníkálukú mọ ibi tí yóò ti rí ẹni kejì mú bí ọ̀rọ̀ bá dàrú.

Ilé tí wọ́n ń kọ́ báyìí yàtọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ sí tẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọgbà yunifásítì ni wọ́n fi ń kọ́ ilé gbọọrọ oníyàrá mẹ́wàá tàbí ogún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n. Wọn a mọ ògiri yí i ká, wọn a gbẹ́ bóòhólù sí i, wọn a sì kọ orúkọ sí ojú géètì: Villa báyìí, Lodge báyìí. Ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Àbújá tàbí Lọ́ńdọ̀nù ló ni àwọn kan, ẹni tó ta apá kan ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti fi kọ́lé sí apá kejì ló ni àwọn mìíràn. A kò lè bá wọn wí. Lóòótọ́ ni kòkó gbówó lórí ní 2024, tó bẹ́ẹ̀ tí tọ́ọ̀nù kan fi kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin kòkó lónìí yóò dúró fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán kó tó fọ́ èso àkọ́kọ́. Yàrá máa ń so lọ́dún tí wọ́n bá kùn ún lọ́dà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí owó náà ṣe ń gùn. Àpẹẹrẹ lásán nìyí, kò sì sí ilé kan pàtó tí a ń tọ́ka sí. Ká ní wọ́n sọ fún ọmọ pé ₦200,000 ni yàrá fún ọdún kan. Àjẹ́ńtì yóò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, ₦20,000. Owó àdéhùn yóò tún jẹ́ ₦20,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ náà kì í rí ìwé àdéhùn ọ̀hún sójú. Wọn yóò gba ₦20,000 mìíràn nítorí ohun tó bá bàjẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní owó kọ́ṣọ̀n. Àròpọ̀ rẹ̀ ti di ₦260,000 kí ó tó ra fóòmù. A kò tíì ka owó tí àjẹ́ńtì ń gbà kó tó mú èèyàn lọ wo ilé, yálà ilé náà wù ú tàbí kò wù ú. Àwọn àjẹ́ńtì wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tó gba ìwé àṣẹ níbì kankan. Nígbà mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn tó ti pẹ́ ní ìlú ni.

Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Òbí tó ń gba iye yìí yóò kó owó oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀ sílẹ̀ ó lé, láìjẹ láìmu, kí ọmọ rẹ̀ tó rí ilé gbé. Àwọn kan yóò sọ pé ìjọba ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó náà, àjọ NELFUND sì ń san owó ilé-ìwé tààrà fún yunifásítì, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ san ₦20,000 yìí fún oṣù méjìlá gbáko, ₦240,000 ni. Kò tó owó yàrá inú àpẹẹrẹ wa. Bí ó bá sì tó pàápàá, díẹ̀díẹ̀ ni NELFUND ń san tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni onílé ń gba tirẹ̀.

Ibí gan-an ni ọgbẹ́ náà wà, a kò sì gbọ́ kí àwọn aláṣẹ máa sọ ọ́. Àtìgbà tí ilé ti kúrò ní olóṣooṣù tó di ọlọ́dọọdún ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń kàwé fún oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú ọdún ń san ti oṣù méjìlá. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, ńṣe ló ń sanwó fún yàrá tí eku ń gbé. Àwọn olùkọ́ yunifásítì lábẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró, oṣù mẹ́jọ gbáko. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ọdún 2020 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán lórí àrùn Kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì mìíràn. Ẹni tó sanwó ilé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ló kù nínú ọdún rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn kíláàsì tún ṣí. Àwọn onílé kan fi oṣù díẹ̀ jìn wọ́n. Àwọn mìíràn ní àwọn kọ́ ni àwọn yanṣẹ́ lódì.

Wọn kò sì parọ́. Onílé tó ń ka owó náà lórí kì í ṣe ọ̀tá ọmọ aráyé. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Epo bẹntiróòlù ti ń ga láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, epo náà sì ni ẹ̀rọ amúnáwá fi ń fa omi láti inú bóòhólù. Kò sí báǹkì tó ń yá Màmá tó ń ta èlùbọ́ lówó láti kọ́ yàrá mẹ́rin. Ẹ̀sún àti àjọ ló fi kọ́ ọ. Yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ kan sí yàrá, yóò jí lọ́jọ́ kan yóò rí i pé wọ́n ti di mẹ́rin. Bí sáà bá parí, ọmọ náà á gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sílé, èlé iná mànàmáná á kù sọ́rùn Màmá. Ẹni tó bá ti kàgbákò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yóò gba owó kọ́ṣọ̀n dandan.

Iná mànàmáná yìí ti dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Ọ̀yẹ́ láti fi ẹ̀hónú hàn pé inú òkùnkùn ni àwọn ń gbé. Ọjọ́ náà gan-an ni ìyàwó gómìnà Èkìtì wá ṣe ètò kan ní ìlú náà. Ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ méjì kú, wọ́n sì ti ilé-ìwé pa. Gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ìbọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó lé àwọn ọmọ náà jáde jẹ́ ọ̀rọ̀ ibùgbé: ìlú tí wáyà rẹ̀ àti tiransifọ́mà rẹ̀ wà fún ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ni wọ́n wá gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lé. Ó ṣe ni ní kàyéfì díẹ̀ pé ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní yunifásítì náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chinedu Nebo, ibẹ̀ ló ti lọ di mínísítà fún ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní 2013.

Ní Ìdó, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1998, tó ti di ilé-ìwòsàn ìkọ́ni báyìí, ló ń kó àlejò wọ ìlú. Dókítà tó ń ṣe ọdún kan àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n ń gba owó oṣù, nítorí náà ariwo tiwọn kò pọ̀. Wọn kì í sì í ya yàrá wọn pa bí ASUU bá yanṣẹ́ lódì. Síbẹ̀, wọn kì í pẹ́. Àwọn kan ń gbé ní Adó tàbí Ìfàkì, wọ́n ń wọkọ̀ wá síṣẹ́. Àwọn mìíràn ń ka ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà òkèèrè wọn yóò dé. Èyí ni kò jẹ́ kí owó ilé ní Ìdó fò sókè bíi ti Ọ̀yẹ́, àmọ́ kò jẹ́ kí ìlú náà jàǹfààní àlejò rẹ̀ tán bákan náà. Dókítà tó ń sùn ní Adó, Adó ni yóò ti ra ẹran.

Àwọn tó rìnrìn àjò náà ń rí ìyàtọ̀ ní ibòmíràn. Ọmọ Èkìtì tó bá gba ààyè ẹ̀kọ́ gíga ní Iowa City tàbí Ames, ìlú yunifásítì méjì ní ìpínlẹ̀ Iowa ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, yóò kọ́kọ́ ní ìdààmú tirẹ̀. Wọn yóò béèrè àkọsílẹ̀ bó ṣe ń san gbèsè, kò sì ní, torí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ilé kò rọrùn rárá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni yóò máa sanwó. Owó kọ́ṣọ̀n tí onílé lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kó ju owó ilé oṣù méjì lọ. Bó bá kó jáde tó sì fi àdírẹ́sì tuntun sílẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ni onílé ní láti dá owó náà padà tàbí kó kọ̀wé ṣàlàyé ohun tó fi ṣe. Ní Ọ̀yẹ́, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bóyá ó gba kọ́ṣọ̀n rẹ̀ padà. Ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn.

A kò sọ pé kí Èkìtì di Amẹ́ríkà. Èkó tó wà nítòsí pàápàá ṣe òfin ilé gbígbé ní 2011, tó sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Kò dé gbogbo àdúgbò, òfin náà kò sì lágbára ní Èkìtì, ṣùgbọ́n ayálégbé Èkó ní ìwé tó lè tọ́ka sí. Ohun tí ilé-ẹjọ́ ń tẹ̀ lé káàkiri ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni pé bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún lẹ́tọ̀ọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù lẹ́tọ̀ọ́ sí oṣù kan, kí wọ́n tún tó fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé wọ́n ń lọ sílé-ẹjọ́. Kò sí àyè fún onílé láti ṣí páànù orí ilé tàbí kó yọ ilẹ̀kùn. Ó sì yẹ kí onílé mọ̀ pé gbèsè owó ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ọlọ́pàá ń tìtorí rẹ̀ múni. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ti sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn tó yẹ̀.

Ìwọ̀rọ̀kọ̀ yẹ kó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Láti 1982 tí ìjọba Oǹdó ìgbà náà ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó, èyí tó ń jẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí, ni abúlé náà ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé. Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn ìran onílé àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ kan náà níbẹ̀: omi, iná, owó tó ń gùn lójijì bí wọ́n bá ti kéde ìwọlé. Nígbà tí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé bẹ̀rẹ̀ tiwọn, kò sẹ́ni tó wọkọ̀ lọ sí Ìwọ̀rọ̀kọ̀ láti lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹni tí a máa ń gbàgbé nínú gbogbo rẹ̀ ni ọmọ ìlú tí kò nílé. Aránṣọ, oníṣòwò kékeré, tísà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ń bá ọmọ ilé-ìwé du yàrá kan náà, owó tí òbí ọmọ náà lè fi ránṣẹ́ láti Èkó sì ju tiwọn lọ. Àwọn kan ti sún lọ sí Ayégbajú, Ìlúpéjú tàbí Ìtapá, níbi tí owó ilé ṣì rọlẹ̀, wọ́n wá ń fi ohun tí wọ́n rí dín kù lórí ilé san fún ọlọ́kadà. Bí ìlú bá ń dàgbà, dandan ni kí nǹkan gbówó lórí. Àmọ́ a kò rò pé ohun tí àwọn tó ń jó lọ́jọ́ tí yunifásítì dé ń retí nìyí.

Kí ló ṣeé ṣe? Gbọ̀ngàn tí ìjọba yóò kọ́ yóò pẹ́ kó tó tó, bí wọ́n bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Èyí tó yá jù, ọwọ́ ará ìlú ló wà. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú Ọ̀yẹ́ àti ti Ìkọ̀lé, àwọn onílé, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè jókòó pọ̀, kí wọ́n fẹnu kò sórí ìwé àdéhùn olójú ewé kan, lédè Yorùbá àti lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò sọ iye owó, iye ẹni tó lè gbé yàrá kan, ẹni tó ń san owó iná, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó bí ilé-ìwé bá tì fún oṣù mélòó kan, àti ọjọ́ tí wọn yóò dá kọ́ṣọ̀n padà. Kí wọ́n gba sísan ní ìlọ́po méjì láyè, ìdajì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ìdajì ní àárín rẹ̀. Onílé tó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní pàdánù nǹkan kan, yàrá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kún. Kò gba owó tábua, kò sì gba kí a dúró de Àbújá.

Ní báyìí ná, ẹni tó bá ń wá yàrá bọ̀ ní ìwọlé tó ń bọ̀, kó bèèrè kí ó rí onílé fúnra rẹ̀, kì í ṣe àjẹ́ńtì nìkan. Kó lọ wo ilé náà lálẹ́, torí pé alẹ́ ni a ń mọ̀ bóyá iná wà àti bóyá ọ̀nà náà ṣeé rìn. Kó wo bóyá mítà yàrá rẹ̀ dá dúró. Kó fi fóònù ya ògiri, ilẹ̀kùn àti fèrèsé kó tó kó ẹrù wọlé, kí owó náà sì gba báǹkì kọjá, kó lè ní àkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá gba owó àdéhùn lọ́wọ́ rẹ̀, kó jókòó síbẹ̀ títí wọn yóò fi gbé ìwé àdéhùn náà lé e lọ́wọ́.